Nígbà Tí Ìjọba Ní Kí Bàbá Mi Lọ Ya Fọ́tò Ẹyẹ

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òmù-Àrán, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò ní láti kọ́kọ́ wẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí èèyàn kàn yọ nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde látinú àpò kó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí. A ó wẹ̀, a ó fi ìpara ra ẹsẹ̀ títí yóò fi máa dán, a ó wọ aṣọ ọdún, a ó wá forí lé súdíò bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Súdíò bàbá mi ni púpọ̀ nínú ìlú ń wá. Ọ̀gá Fótò ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, débi pé mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ní orúkọ mìíràn.

Súdíò náà kò ju yàrá kan lọ, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kun ọkọ̀ òfuurufú ńlá kan sára ògiri rẹ̀, pẹ̀lú àkàsọ̀ tí èèyàn lè dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi pé ìlú òyìnbó lòun ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà ìlú wa ló ti sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ yẹn láìdé Ìlọrin rí. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbé àtíkè dání, láti wá kóòmù, láti nu bàtà tí a fi ń yá àwọn oníbàárà, kí n sì fún ẹni tí kò ní táì ní táì. Táì kan ṣoṣo la ní, ó pupa, ó ní ìlà funfun. Bí ẹ bá tú àpótí fọ́tò àwọn ará ìlú wa ti ìgbà yẹn, ẹ ó rí i pé táì kan náà ló wà lọ́rùn tíṣà, lọ́rùn àgbẹ̀, àti lọ́rùn alápatà.

Ìgbà owó epo nìyẹn. Ṣòkòtò ń gbálẹ̀, bàtà ga bí àpótí ìjókòó. Àwọn ará ilé tó ti Èkó dé wá ṣe ìnáwó máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà wa láti òwúrọ̀. Bàbá mi á tẹ̀ sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, wọ́n á ní, "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má ṣẹ́jú. Ení, èjì, ẹ̀ta!" Ẹni tó bá ṣẹ́jú, ìtìjú rẹ̀ di ti ayérayé, nítorí a kì í ya èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyà tó tóbi jù tí mo jẹ ní kékeré, inú súdíò yẹn ni mo ti jẹ ẹ́. Mo fi ẹ̀pà yíyan mi sínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tí ẹ̀pà náà wù mí, mo ṣílẹ̀kùn. Fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo tí àwọn tọkọtaya kan yà sì ń bẹ nínú omi lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó sì bà á jẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo kọjú sí ọkọ̀ òfuurufú ara ògiri láti ìrun ọ̀sán títí alákàrà ìrọ̀lẹ́ fi kiri kọjá. Nígbà tí àwọn tọkọtaya náà máa fi ráàyè padà wá láti Kàdúná, ikùn ìyàwó ti yọ síwájú. Bàbá mi gbé ìkòkò òdòdó ńlá kan lé e lọ́wọ́. Ọmọ tó wà lẹ́yìn òdòdó yẹn ti dàgbà, ó ti di dókítà. Bí ó bá ka èyí, kó má bínú.

Nígbà tó yá, owó epo lọ bó ṣe dé. Ṣúgà, ọṣẹ àti mílíìkì di ohun tí à ń tò fún. Fíìmù wọ́n bí ojú. Àwọn ará Èkó kò wálé mọ́, àwọn tó sì wálé kò fẹ́ kí fọ́tò mú bí wọ́n ṣe rù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù ni fọ́tò pélébé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, nítorí pé lóòrèkóòrè ni ìjọba máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ wà láàyè. Òṣìṣẹ́ á dúró gbọnrangandan níwájú akọ̀wé, akọ̀wé á ní òun kò rí i àfi bó bá mú fọ́tò wá. Ìyá mi wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nílùú mìíràn lọ́dún yẹn, ìgbà ìsinmi nìkan la ń rí wọn. Bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwọn máa ti súdíò pa, káwọn lọ bá àbúrò àwọn wakọ̀ ní Èkó. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa ń lọ nu bàtà súdíò tí kò sẹ́ni tó wá yá a mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dáàmù. Nígbà tí owó ṣì wà ni wọ́n ti sé odò kan mọ́ láàrin oko, kí gbogbo agbègbè lè máa mu omi ẹ̀rọ. Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ní kí àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọrin nínú oòrùn, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ dé ojúlé wa. Ẹ̀rọ omi náà mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó wú ikọ́, ó sì dákẹ́ títí di òní. Omi dúró sí dáàmù, àwa náà sì ń ru garawa lọ sódò bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn ẹyẹ nìkan ló jàǹfààní. Oríṣiríṣi ẹyẹ tí a kò rí rí ló wá tẹ̀dó síbẹ̀, tí wọ́n ń mu omi tí ìjọba ṣèlérí fún wa.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹjọ, ọkọ̀ funfun kan dúró níwájú súdíò. Ọkùnrin tó sọ̀ nínú rẹ̀ wọ kóòtù sàfárì aláwọ̀ eérú, ó gbé fáìlì dání. Ó ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Ìlọrin ló rán òun wá. N kò rántí orúkọ tó dá, Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì la ń pè é títí ọ̀rọ̀ náà fi parí. Ó ní ìjọba fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà tí wọ́n máa fi han àwọn àlejò láti ìlú òkèèrè pé dáàmù ń ṣiṣẹ́.

Bàbá mi ní, "Ṣé ẹ̀rọ omi ni kí n yà ni?"

Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ọ̀gá Fótò. Ẹyẹ ni. Ẹyẹ méjìlá, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ ní àwọ̀. Bó bá dára, ẹ̀yin lẹ máa di ayàfọ́tò ilé iṣẹ́ wa pátápátá."

Ó gbé kámẹ́rà kan jáde tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ìbọn. Ìgbà owó epo ni wọ́n ti rà á, ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò ní ọ́fíìsì wọn. Fíìmù kan ló fi lé bàbá mi lọ́wọ́, ẹyọ mẹ́rìndínlógójì. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ ka ẹyẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ka adìẹ, lẹ́yìn adìẹ ó kan àwa èèyàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò wa Ìyá Sàdíá gbé tòlótòló wọn wá sí súdíò. Wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Fótò, mo gbọ́ pé ìjọba ń wá ẹyẹ. Èyí náà kì í ṣe ewúrẹ́." Bàbá mi ṣàlàyé títí, Ìyá Sàdíá kò gbà. Wọ́n ní ẹyẹ inú igbó ń di nǹkan ìjọba, ti inú ilé ń bẹ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé tòlótòló náà padà, ó dá mi lójú pé ojú ń ti òun náà.

Bàbá mi kò ya ẹyẹ rí. Wọ́n wọ bàtà dídán, wọ́n di táì pupa yẹn, mo ru àpótí tẹ̀lé wọn lọ sí dáàmù. Ojú ọ̀run rí bí ìdí ìkòkò. Òjò wínníwínní tí kì í pọ̀, tí kì í sì í dá, ń rọ̀ sórí omi. Àwọn lékeléke kan dúró létí omi. Bàbá mi gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n ní, "Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ení, èjì…" Kí wọ́n tó dé ẹ̀ta, kò sí ẹyẹ kankan mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni a fi ya òfuurufú. Fíìmù ẹyọ mẹ́jọ ló lọ síbẹ̀.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló rí bí ojú wọn ṣe rí níbi oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kẹta. Wọ́n bi mí léèrè, mo sì rò gbogbo rẹ̀. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi ọbẹ̀ fi sá sí wọn nímú.

"Àyìndé," ni wọ́n wí, "o ń ka ení, èjì fún ẹyẹ?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, bí mo ṣe ń ya gbogbo ayé nìyẹn."

"Lọ́la, èmi náà ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé nígbà èwe Ìyá Àgbà, orí àgà, pèpéle igi tó ga láàrin oko ọkà bàbà, ni wọ́n ti lo ìgbà òjò tó pọ̀, tí wọ́n ń fi kànnàkànnà lé ẹ̀gà. Ìgbà tí ẹyẹ ń jẹun, ibi tó ń sùn, bó ṣe ń parọ́ pé òun ń lọ tí yóò sì padà, kò sí èyí tí wọn kò mọ̀. Lójú tiwọn, olè ni gbogbo ẹyẹ, kò sì yé wọn ìdí tí ìjọba fi ń ya fọ́tò olè. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn ni ọmọ wọn.

Wọ́n gba bàtà àti táì lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n ní kí bàbá mi wọ aṣọ oko tó ti ṣá. Wọ́n mú wa jókòó sínú koríko létí omi láti ìdájí, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, a kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ẹyẹ, kí a máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan mìíràn wà lọ́kàn rẹ̀. Omi ń wọ̀ mí láti ìdí sókè. Èéṣú kan wọnú aṣọ mi, n kò gbọdọ̀ mira. Ẹ̀kọ tútù àti wàrà ni a jẹ, a sì rọra ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó jí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹyẹ gbàgbé wa. Ẹyẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jọjọ ń rìn lórí ewé òṣíbàtà láìrì. Pẹ́pẹ́yẹ igbó bà sómi pẹ̀lú ìfé lẹ́nu. Ẹyẹ apẹja kan, tó mọ́ ju aṣọ àrán lọ, já sómi bí òkò. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ láìka ohunkóhun.

Èmi àti Ìyá Àgbà wá bẹ̀rẹ̀ eré kan, à ń sọ ẹyẹ lórúkọ. Èyí tó ga, tó jẹ́ aláwọ̀ eérú, tó dúró láìmira títí ẹja fi wá bá a fúnra rẹ̀, wọ́n pè é ní Agbowó-orí. Èyí tó dúdú, tó na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́, tó sì ń wo gbogbo ayé láti òkè, Àlájì ni. Àwọn lékeléke tó ń sáré tẹ̀lé màlúù, tí wọ́n ń ṣa ohun tó bá jábọ́, ni mẹ́sẹ́ńjà ọ́fíìsì. Àwa méjèèjì á máa mì fún ẹ̀rín láìfọhùn, bàbá mi á máa wò wá ní ìwò ìkìlọ̀.

Báyìí ni ọjọ́ ń lọ. Oòrùn kò yọ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá mi ní fíìmù aláwọ̀ ń fẹ́ oòrùn, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n kọ̀wé sí oòrùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn, a ti ní ẹyẹ mọ́kànlá, fíìmù ku ẹyọ kan. Bí a ṣe fẹ́ jáde nílé, Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì dé. Kò tilẹ̀ sọ̀ nínú ọkọ̀.

"Ọ̀gá Fótò, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ o. Ọ̀gá Àgbà ọ́fíìsì wa ń bọ̀ ní dáàmù lọ́sàn-án, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó túmọ̀ sí. Lẹ́tà iṣẹ́ yín wà lórí tábìlì wọn."

Bàbá mi ní, "Ó ku ẹyọ kan, ọ̀gá mi. Ẹyẹ kan ló sì kù."

"Ẹyẹ mọ́kànlá ti tó. Ta ló máa kà á?"

A lọ sí dáàmù síbẹ̀síbẹ̀, a jókòó, a ń dúró de Ọ̀gá Àgbà. Kùrukùru bo omi. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn kan, bíi fèrè tó dún láti imú. Wọ́n gbá mi lápá mú. Ẹyẹ méjì ńlá jáde látinú kùrukùru, wọ́n bà sílẹ̀ lórí koríko tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n ga tó mi. Ọrùn wọn gùn, adé ìyẹ́ bíi wúrà yọ lórí wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pupa. Agùfọn ni. Ìyá Àgbà kò tíì rí i láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdébìnrin lórí àgà oko. Ọ̀kan nínú wọn na ìyẹ́, ó tẹrí ba, ó fò sókè. Èkejì ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú òjò wínníwínní yẹn, wọ́n ń jó fún ara wọn.

Mo wo Ìyá Àgbà. Obìnrin tó ti fi kànnàkànnà lé gbogbo ẹyẹ ayé, omijé wà lójú wọn. Bàbá mi wo àwọn ẹyẹ náà. Wọ́n wo ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò gbà wá. Wọ́n wo ìyá wọn. Bàbá mi gbé kámẹ́rà sókè. Wọ́n mí sínú, mo sì gbọ́ ọ: kẹ̀.

Kò pẹ́ tí fèrè ọkọ̀ fi dún lórí bèbè dáàmù, àwọn agùfọn sì gbéra. Ọ̀gá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Agbádá rẹ̀ kún ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n ya òun bíi pé òun ń wo ọjọ́ iwájú. Àwa mẹ́ta nìkan la mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú kámẹ́rà mọ́. Mo ti ṣe tán láti sá. Ṣùgbọ́n bàbá mi jáde nínú koríko nínú aṣọ oko tó rin gbindin, wọ́n tún etí fìlà Ọ̀gá Àgbà ṣe, wọ́n sún un sí ọ̀tún, wọ́n sún un padà.

"Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, sà. Ẹ má ṣẹ́jú. Ení, èjì, ẹ̀ta!"

N kò rí i kí wọ́n fi ìtọ́jú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ya ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀gá Àgbà dúpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì gba kámẹ́rà àti fíìmù, wọ́n lọ. Lójú ọ̀nà ilé, Ìyá Àgbà ní, "Àyìndé, iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

Bàbá mi ní, "Ìyá mi, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń jó ni?"

Nígbà tí ọdún yípo, Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì gbé kàlẹ́ńdà wá. Ojú Ọ̀gá Àgbà ló gba ojú ewé kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, fọ́tò àtijọ́ kan látinú ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹyẹ wà nísàlẹ̀, kò ju sítáńpù lẹ́tà lọ. Wọ́n pe lékeléke ní pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n pe pẹ́pẹ́yẹ ní àdàbà. Lábẹ́ agùfọn, tòlótòló ni wọ́n kọ. Ìyá Sàdíá gbọ́, wọ́n gba kàlẹ́ńdà mẹ́ta, wọ́n sì gbé e káàkiri àdúgbò pé tòlótòló àwọn ti wọ ilé ìjọba, àwọn sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ bàbá mi kò sí níbì kankan.

Ọ̀gbẹ́ni Sàfárì ní ti iṣẹ́ yẹn kò ní ṣeé ṣe, nítorí fọ́tò Ọ̀gá Àgbà kò jáde rárá. Ó mi orí pẹ̀lú àánú. "Ẹ mọ ẹyẹ yà, Ọ̀gá Fótò. Èèyàn lẹ ò mọ̀ ọ́n yà."

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ọkọ̀ òfuurufú ara ògiri. Nígbà tí mo súnmọ́ wọn ni mo rí i pé ẹ̀rín náà kò dé ojú. Ìyá Àgbà mú bíléèdì, wọ́n gé agùfọn jáde nínú kàlẹ́ńdà, wọ́n gé tòlótòló tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ dànù, wọ́n fi ẹyẹ náà sí abẹ́ dígí wọn.

Bàbá mi ti súdíò pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lọ Èkó. Wọ́n gbin ìrẹsì sórí ilẹ̀ Ìyá Àgbà lọ́nà Rore. Ẹ̀gà jẹ ẹ́ tán níṣojú wọn. Ìyá Àgbà fi ìbínú ké pé, "Mo ní kí o lé wọn, ò ń wò wọ́n!" Lẹ́yìn ọdún méjì tí ìjọba tún fẹ́ mọ ẹni tó wà láàyè, súdíò ṣí padà. Ìyá Àgbà ti lọ sinmi tipẹ́. Bàbá mi ṣì wà, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Lóde òní, kò sí ẹni tó ń wẹ̀ kó tó ya fọ́tò. Ọmọ mi ọkùnrin máa ń ya ọbẹ̀ kó tó jẹ ẹ́. Nígbà tí a wálé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo mú un lọ sí dáàmù. Ojú ọjọ́ ṣú, kò sì sí ẹyẹ púpọ̀ mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà létí omi, funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ mi di ìka mọ́ fóònù rẹ̀, ó ya igba ẹyọ kí n tó pajú dé. Ó yíjú padà, ó ní ó ti tó, kí a máa lọ.

Nílé, mo bi í pé àwọ̀ wo ni ẹsẹ̀ ẹyẹ náà. Ó mú fóònù jáde kó lè wò ó, fóònù ti kú. Bàbá mi ń mu ògì lórí àga wọn. Wọ́n ní kó ṣàpèjúwe ẹyẹ náà. Ó ní ó funfun, ẹnu rẹ̀ dúdú.

Bàbá mi ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú. Ọmọ ìka rẹ̀ nìkan ló rí bí ẹni tó tẹ ẹyin adìẹ fọ́, tí pupa ẹyin lẹ̀ mọ́ ọn."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, bí iná bá dé òun máa fi han bàbá àgbà. Ọjọ́ mẹ́rin la tún lò nílé. Iná kò dé.